Gọ́ọ̀mù fèrèsé ilé kọ́ ni gọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi

Sí olóòtú ìwé ìròyìn wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi bá dojú dé ní Èkó lẹ máa ń gbé e jáde, ẹ á sọ pé èrò ti pọ̀ jù, ẹ á sọ pé wọn ò wọ jákẹ́ẹ̀tì, pé alẹ́ ni wọ́n rìn, òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa tá à ń tún ọkọ̀ fáíbà ṣe létí ọ̀sà ń rí tí mi ò rí i kà rí nínú ìwé ìròyìn kankan, ìyẹn ni gọ́ọ̀mù tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń rà láti fi dí ojú ìsopọ̀ inú ọkọ̀ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde kí òjò tó wọlé dé, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ náà.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kì í wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ fáíbà tó ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Falomo tàbí CMS yẹn, kì í ṣe odindi kan ṣoṣo ni wọ́n dà, ìdí ọkọ̀ lọ́tọ̀, òkè ẹ̀ lọ́tọ̀, ilẹ̀ tí èrò ń fẹsẹ̀ tẹ̀ náà lọ́tọ̀, wọ́n wá so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n ti pàdé, etí ìjókòó, yíká ibi tí awakọ̀ ń dúró sí, etí ìdérí tí wọ́n máa ń ṣí láti wo táǹkì epo, gọ́ọ̀mù ló wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí omi wọlẹ̀. Oòrùn ń pa gọ́ọ̀mù yẹn lójoojúmọ́, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n ọ́n, ìgbì ń gbá a, bó bá ti pẹ́ á ya, á sì ṣí sílẹ̀ díẹ̀ báyìí tí èèyàn ò ní kà á sí.

Omi òjò àtèyí tí ìgbì ń ta sínú ọkọ̀ á wá máa gba ojú yíya yẹn lọ sábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ibi tójú ò tó. Lítà omi kan, kílò kan ni. Tí 200 lítà bá ti wà lábẹ́ ilẹ̀, 200 kílò lẹ ti gbé sínú ọkọ̀ kí èrò kankan tó wọlé, ìyẹn sì ń lọ sí bí àgbàlagbà mẹ́ta tẹ́ ò kà mọ́ èrò. Èyí tó tún wá burú jù ni pé omi kì í jókòó sójú kan, bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sọ́tùn-ún òun náà á sáré lọ sọ́tùn-ún, á tún wá tẹ̀ ẹ́ sí i, lásìkò tí awakọ̀ ń wá bí ọkọ̀ á ṣe tọ́ padà. Fóòmù àti plywood tó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà á mu omi, plywood á jẹrà, ọkọ̀ á wúwo títí láé, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ gbọ́n ìyẹn dànù. Ẹ tún rántí èéfín pẹtiróòlù, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ojú ìsopọ̀ tó ti ya ló sì ń bá wọlé lọ kó jọ síbi tí wáyà bátìrì gbà kọjá.

Nítorí náà mi ò gbà fún ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù lásán ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí ni pé ọlọ́kọ̀ á rí i pé inú ọkọ̀ ń jò, á lọ sí ọjà ohun èlò ìkọ́lé, á ra sílíkóònù, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì fèrèsé tí wọ́n sì fi ń dí ẹ̀gbẹ́ síńkì ìdáná, torí pé kò wọ́n, ó wà níbi gbogbo, ọmọ iṣẹ́ á sì fi tẹ̀ ẹ́ lé orí gọ́ọ̀mù àtijọ́ láìgé nǹkan kan kúrò. Ó máa ń dán, ó máa ń dùn-ún wò. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ fi èékánná kán an, gbogbo ẹ̀ á bọ́ wá gbọọrọgbọ bí okùn.

Sílíkóònù kò burú níbi tó yẹ ẹ́ o. Oòrùn kì í tètè pa á, ó dáa fún gíláàsì, ó sì dáa fún gíláàsì oníke iwájú ọkọ̀. Àmọ́ fún ojú ìsopọ̀ inú ọkọ̀ kò yẹ rárá, kì í di fáíbà mú dáadáa níbi tó bá ti ń mì, pẹtiróòlù tó bá kàn án á mú un wú, ọ̀dà kankan ò ní lẹ̀ mọ́ ọn, kódà sílíkóònù tuntun gan-an kì í lẹ̀ mọ́ èyí tó ti gan, ìyẹn èyí tó ti gbẹ tó sì ti le. Tẹ́ ẹ bá sì yọ ọ́, á ṣì kù lára fáíbà bí ìgbà tí epo pupa bá kán sí aṣọ funfun, ẹ ò ní rí i lójú ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù gidi tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀ ò ní dúró. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi tí mo bá ṣí ọkọ̀ tí mo sì bá a níbẹ̀, torí kì í ṣe pé kò ṣiṣẹ́ nìkan, ó tún ba ibẹ̀ jẹ́ de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí tó máa ń rùn kíkan bíi fínígà nínú wọn tún ní ti ẹ̀, ásíìdì ló ń jáde lára ẹ̀ bó ṣe ń gan, ó sì máa ń jẹ bàbà àti idẹ, wáyà yín àti àwọn nǹkan onídẹ tó wà nítòsí á máa dúdú.

Kí wá ni kéèyàn rà? Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi ọlọ́kọ̀. Àkọ́kọ́, ṣé a óò tún ṣí ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, àbí ó ti pa dé títí láé? Ìkejì, kí ló máa kan ibẹ̀, ṣé epo ni, ṣé oòrùn ni, ṣé ike ni?

Bó bá jẹ́ ibi tẹ́ ò ní ṣí mọ́, bí ibi tí ilẹ̀ ọkọ̀ ti pàdé ẹ̀gbẹ́, irú gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní polyurethane ni. Òun ló ń di nǹkan mú jù, ó sì ń nà nígbà tí ọkọ̀ bá ń mì. Sikaflex 291i wà nínú irú ẹ̀, 3M 5200 náà wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú 5200 yẹn, tó bá ti gan tán, ẹni tó bá fẹ́ yọ ohun tí wọ́n fi lẹ̀ lè fa fáíbà ya pẹ̀lú ẹ̀, mo ti rí ìdérí táǹkì tí wọ́n fi lẹ̀ tó jẹ́ pé ayùn la fi gé e kúrò. Fún ibi tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ máa tú síkúrù ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ wá èyí tí agbára ẹ̀ kéré, irú 3M 4200. Polyurethane náà ní ohun tí kò fẹ́, oòrùn tó bá pẹ́ lórí ẹ̀ máa ń sọ ọ́ di yẹ́lò, á sì máa bó bí ẹfun, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ gíláàsì oníke, ó lè mú kó sán.

Etí ìdérí táǹkì, ibi tí wọ́n ti ń rọ epo, ibi tí jẹ́ríkánì máa ń dà sí, irú gọ́ọ̀mù mìíràn tí wọ́n ń pè ní polysulfide ni mo fara mọ́ jù níbẹ̀. Láti 1920s ni wọ́n ti rí irú rọ́bà yẹn ní Amẹ́ríkà, Thiokol ni wọ́n ń pè é, ohun tó sì mú un lókìkí ni pé epo kì í tètè jẹ ẹ́. Ó máa ń pẹ́ kó tó gan, ẹ ní láti ní sùúrù fún un, òun náà kì í sì í bá ike rẹ́, nítorí náà ẹ má fi kan ìdérí oníke. Kò pọ̀ lọ́jà bíi ti sílíkóònù, ó sì wọ́n, àmọ́ táǹkì epo ló wà lábẹ́ ibẹ̀, ẹ dákun.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti ra èyí tó dáa tán, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Polyurethane kì í ju nǹkan bí ọdún kan lọ lórí igbá, ooru ṣọ́ọ̀bù wa sì ń dín in kù, èyí tó bá ti ń le nínú túùbù kò ní di nǹkan kan mú. Kí ẹni tó ń tà á má bínú tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ tẹ túùbù ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Iṣẹ́ gan-an wá kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré kọjá. Gbogbo gọ́ọ̀mù àtijọ́ gbọ́dọ̀ jáde, kì í ṣe ìdajì. Tó bá jẹ́ sílíkóònù ló wà níbẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ fá a kúrò ná, ẹ fi acetone, omi kẹ́míkà tí wọ́n fi ń nu fáíbà mọ́, nù ún, ẹ máa pààrọ̀ aṣọ tẹ́ ẹ fi ń nù ún, lẹ́yìn ìyẹn lẹ tó fi sáńpépà họ ọ́, torí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ họ ọ́ ńṣe lẹ máa tẹ òróró ẹ̀ wọnú fáíbà. Ẹ wọ́n omi sí i wò, tí omi bá ń kó jọ ní kóró kóró dípò kó tẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú. Ẹ má fi sípírítì nu ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fi polyurethane sí, ẹ má sì fi ìka tẹ́ ẹ ti bọ sípírítì dán ojú ẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ sípírítì kì í jẹ́ kí polyurethane gan, á kàn máa rọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ni.

Tí ojú ìsopọ̀ yẹn bá jìn, ẹ fi téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún gọ́ọ̀mù sí i. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ló yẹ kí gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́, tó bá tún lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kò ní lè nà mọ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fò lórí ìgbì ló máa ya láàárín. Èyí ni mo rí pé àwọn èèyàn wa ò mọ̀ jù, ó sì jẹ́ téèpù owó kékeré. Ẹ fi téèpù mìíràn lẹ etí òkè méjèèjì kó lè gún, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ kí ojú gọ́ọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ wà, polyurethane tútù kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ wa náà wà níbẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni polyurethane fi ń gan, ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ó máa ń pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. 5200 gan-an tó ọjọ́ márùn-ún sí méje kó tó gan dénú. Ọlọ́kọ̀ tó ń sọ pé òun fẹ́ kó èrò láàárọ̀ ọ̀la, kó lọ ra èyí tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé ó ń tètè gan, wákàtí 24 nirú ìyẹn, tàbí kó jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó.

Àwọn tó ní ọkọ̀ onípákó, ti yín yàtọ̀ o, ẹ má mú ohun tí mo sọ nípa 5200 lọ bá pákó. Pákó máa ń wú nínú omi, ó máa ń súnkì tó bá gbẹ ní orí ilẹ̀, òwú àti ohun rírọ̀ tó lè jẹ́ kó wú ló yẹ láàárín ẹ̀, gọ́ọ̀mù tó le máa ń jẹ́ kí pákó ti ara ẹ̀ jáde ni. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ní etí omi mọ èyí ju èmi lọ, ẹ bi wọ́n.

LASWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2008, àti NIWA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ni mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ wọn. Bẹ́ ẹ bá ń yẹ ọkọ̀ wò, ẹ má kàn ka jákẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ wo ẹ́ńjìnnì, ẹ ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀ ọkọ̀, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, kẹ́ ẹ wo iye omi tó wà lábẹ́ kẹ́ ẹ sì fi ìka kán gọ́ọ̀mù etí ìjókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀, ọkọ̀ tó bá ti ní sílíkóònù nínú, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òmíràn, ẹ fá a kúrò lọ́dún yìí kí òjò June tó dé, àwa tá à ń tún un ṣe ò ní gbà kí ẹ ra túùbù wá fún wa láì jẹ́ ká mọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún ọkọ̀ fáíbà ṣe, Ìkòròdú