Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sùn lọ́nà

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin tẹ wà ní Kétu níbí, ẹ̀yin tẹ wà l'Ájàṣẹ́, Kútọnu, Ṣábẹ̀ẹ́, àti ibi gbogbo tí oúnjẹ òòjọ́ gbé yín lọ, mo kí yín o. Ìkíni mi ò ní gùn lónìí. Ọkàn mi ò balẹ̀ látìgbà tí mo ti Gánà dé, oorun ò kùn mí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ oorun gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ ti gbọ́ ìjàǹbá mọ́tò tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ àbúrò mi àti ìyàwó ẹ̀ lójú ọ̀nà Gánà. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́, torí gbogbo ẹni tó bá pàdé mi lọ́jà ló ń bi mí, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní ayé ni, pé ẹnì kan nílé ni kò fẹ́ kí ọmọ náà gbádùn ìyàwó tó fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ọmọ Kétu ni mí, ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ohun tí à ń pè ní àwọn ìyá wa, mi ò sì jẹ́ fi wọ́n ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ má kó ẹrù oorun lé àwọn ìyá lórí. Ọmọ yẹn sùn nídìí ọkọ̀ ni.

Wọn ò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣègbéyàwó. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi wìkẹ́ńdì kan lọ gbatẹ́gùn ní Gánà, ní Cape Coast, kí àwọn sùn sétí òkun, kí àwọn sì wo ilé olódi tí àwọn Potogí kọ́ sí Elmina ní 1482, ibi tí wọ́n padà ń ti àwọn ẹrú mọ́ kí wọ́n tó kó wọn sọdá òkun. Kò burú o. Kí ọkọ àti ìyàwó jọ jáde, kí wọ́n jọ rí ayé, ó dáa, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Wọ́n yá mọ́tò ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n gbéra l'Ájàṣẹ́ nírọ̀lẹ́ Furáìdè lẹ́yìn iṣẹ́, ó di Kútọnu, ó di Hillacondji, Lómé, Aflao, Sogakope, Akra, Kasoa, kí wọ́n tó dé Cape Coast. Ẹ fi ìka kà á. Bodè méjì, orílẹ̀-èdè mẹ́ta, bíi kìlómítà 500, àlọ nìkan nìyẹn o. Sátidé kan ṣoṣo ni wọ́n fi sinmi. Nígbà tó di Sọ́ńdè wọ́n tún wà létí òkun títí ilẹ̀ fi ṣú, aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n tó kọjú sílé, torí ọkọ gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Aago mẹ́jọ Gánà nìyẹn. Ohun tí ẹ̀yin ọmọdé máa ń gbàgbé nìyí, aago Gánà àti ti Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Mẹ́jọ tí wọ́n ń wò yẹn, mẹ́sàn-án ti lù nílé. Ọkọ ní ìgbà tí àwọn jáde nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Kasoa ni òun tó rántí, àyà òun já, ni òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ní Sogakope, nídìí afárá odò Volta, wọ́n dúró ra búrẹ́dì, wọ́n ra abolo, èyí tí àwa ń pè ní ablo, pẹ̀lú edé díndín. Ìyàwó ní kí àwọn wá ibi sùn síbẹ̀. Ọkọ ní rárá, ó ní ó ku díẹ̀. Ó ku díẹ̀! Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pa dírẹ́bà. Ìyàwó gbé orí ti gíláàsì, ó sùn lọ. Ọkọ mu nǹkan inú agolo tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ojú dá, ó mu méjì. Nígbà tó máa fi di bí aago méjì òru, tírélà kan ti bàjẹ́ sójú títì, kò níná, àwọn tó ni ín já ewé tútù dà sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n dà á láti ọ̀nà jíjìn wá, bí a ṣe ń ṣe é níbí náà. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtumọ̀ ewé lójú títì ní gbogbo ilẹ̀ wa. Ọmọ náà sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Bàbá, mo rí ewé yẹn. Mo rí i, ó kàn ń ṣe mí bíi pé inú oko ni mò ń gbà kọjá.”

Mi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú ẹ̀ là sílẹ̀, ó rí ewé, ó sì ń sùn.

Ọlọ́run yọ wọ́n. Egungun ìhà ọkọ ṣẹ́, itan ìyàwó kán sọ́nà méjì. Èmi àti àbúrò mi la lọ bá wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí n wá káàdì ìdánimọ̀ obìnrin náà nínú báàgì ẹ̀, bí mo ṣe ṣí i báyìí, yanrìn ló kọ́kọ́ dà sí mi lọ́wọ́, yanrìn òkun, pẹ̀lú ìkarahun kéékèèké mẹ́ta tó ṣà létí omi. Lábẹ́ ẹ̀ ni búrẹ́dì Sogakope wà nínú lẹ́dà, ó ti rún wómúwómú, àfọ́kù gíláàsì ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ó ní èmi lòun rà á fún, torí gbogbo ìgbà ni mo máa ń sọ̀rọ̀ búrẹ́dì Gánà nínú ilé.

Mo jókòó sílẹ̀ ní ọsibítù yẹn, mi ò lè dìde.

Òótọ́ ni pé mo máa ń sọ ọ́. Ọ̀nà yẹn lèmi fi jẹun, òun ni mo fi kọ́lé tí mo wà nínú ẹ̀ yìí. 1974 ni mo di ọmọ mọ́tò lábẹ́ ọ̀gá mi, ọdún yẹn gan-an ni Gánà yí ọ̀nà wọn padà, ní oṣù August, tí gbogbo mọ́tò tó ń gba ọwọ́ òsì tẹ́lẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún bíi tiwa. Kí wọ́n tó yí i, tí a bá ti kọjá Aflao pẹ́nrẹ́n, ọ̀gá mi á pariwo, “Ọwọ́ òsì! Ọwọ́ òsì!” èmi náà á máa pariwo ẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé. À ń bẹ̀rù ọ̀nà nígbà yẹn. Wọ́n sì máa ń ti bodè Aflao lálẹ́. Tó o bá dé ibẹ̀ tí wọ́n ti tì í, ó parí nìyẹn, wàá tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, wàá sùn. A máa ń bú àwọn aṣọ́bodè yẹn, a ò mọ̀ pé ẹ̀mí wa ni wọ́n ń dá sí. Àwọn baba wa náà tó mọ odi yí Kétu ká, tí wọ́n kan ìlẹ̀kùn sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú, ẹ rò pé kí ni wọ́n rí? Bàbá bàbá mi máa ń sọ pé tí wọ́n bá ti ti ìlẹ̀kùn yẹn, ẹni tó bá wà lóde á sùn sóde, ì báà jẹ́ ọmọ ọba. Lónìí, ta ló ń ti ìlẹ̀kùn fún yín? Fóònù yín ń sọ fún yín pé ó ku wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 12, ẹ gbà á gbọ́. Fóònù ò mọ̀ bóyá ẹ sùn lánàá.

Ẹ má rò pé mò ń bínú sí ọmọ yẹn nìkan. Èmi náà ti sùn nídìí ọkọ̀ rí, àwọn ọmọ mi gan-an ò mọ̀, òní ni wọ́n máa kà á níbí. January 1983, Nàìjíríà lé àwọn àlejò tí kò níwèé, ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ Gánà ti ti bodè tiẹ̀ látọdún tó ṣáájú, bí wọ́n ṣe há sí ilẹ̀ wa níbí nìyẹn, tọmọdé tàgbà, tẹrù tẹrù. Nígbà tí wọ́n ṣí bodè yẹn níparí oṣù, gbogbo ẹni tó bá ti ní mọ́tò lówó ń wọlé fún. Peugeot 404 ni mò ń wà. Mo lọ, mo bọ̀, mo tún lọ, ọjọ́ méjì gbáko mi ò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, obì ni mò ń jẹ. Obì kì í lé oorun lọ, ó kàn máa ń ní kó dúró sẹ́nu ọ̀nà ni. Lẹ́yìn Grand-Popo, ní ìdájí, ẹnì kan gbá mi létí látẹ̀yìn, ìyá kan ni, ó ń kígbe lédè wọn, nígbà tí màá fi ríran igi àgbọn ni mo rí níwájú, igi àgbọn lọ́tùn-ún, igi àgbọn lósì, mọ́tò ti kúrò lójú títì tipẹ́. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. A ò kú. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan tó jókòó sórí ẹrù já bọ́, apá ẹ̀ ṣẹ́. Á tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kò sunkún. Ó fi ọwọ́ kejì di apá yẹn mú, ó ń wò mí. Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti to egungun fún un, àwọn èèyàn ẹ̀ wọ mọ́tò míì lọ, mi ò mọ orúkọ ẹ̀ títí dòní. Tó bá wà láyé yóò ti tó ẹni 50 ọdún. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun ń wa mọ́tò bọ̀ lóru, ọmọ yẹn ni mo máa ń rí.

Ẹ wá ń sọ fún mi pé ẹ̀yin lè. Kí lẹ lè? Ta ló lè bá oorun jà? Àwọn dókítà ti wádìí ẹ̀, wọ́n rí i pé ẹni tó bá ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17, bí ẹni tó ti mutí ló máa ń ṣe nídìí ọkọ̀, ọwọ́ ẹ̀ á máa pẹ́ kó tó dáhùn. Aago mẹ́fà àárọ̀ Sọ́ńdè lọmọ yẹn jí. Aago méjì òru ló kọlu tírélà. Wákàtí 20! Bẹ́ẹ̀ kò fẹnu kan ọtí o, inú ẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá sì ń sáré 100, tí ẹ tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré, mọ́tò ti lọ ju mítà 110 lọ, ó ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, láìsí ẹnì kan tó ń wà á. Ọmọ wa kan tó ń wa tírélà ní Faransé sọ fún mi pé òfin wọn níbẹ̀ ni pé tó bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin àbọ̀, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45, ìwé àti ẹ̀rọ ń ṣọ́ ọ, tí kò bá sinmi wọ́n á bu owó ìtanràn lé e. Àwọn tí ọ̀nà wọn dáa, tí iná wà lójú títì, tí tírélà wọn kì í sùn sí àárín ọ̀nà nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yin tó jẹ́ ewé ló máa sọ fún yín?

Ẹ tiẹ̀ sọ fún mi, kí ló wà níbi iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn? Ẹ dá mi lóhùn! Wọ́n ti fi ẹlòmíì sípò ẹ̀ kí n tó ti Gánà dé. Mo lọ bẹ̀ wọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Ìpè kan ṣoṣo ni ì bá pè wọ́n láti Sogakope, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, Túsìdeè ni màá dé.” Kí wọ́n bú u. Èébú kì í kánni nítan.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin tẹ ń jókòó níwájú, ẹ jọ̀ọ́, ìjókòó yẹn kì í ṣe ti oorun. Màmá yín, kí Ọlọ́run bá mi tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bá mi lọ sí Akra ní 1976. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń bó orógbó fún mi, tó bá bi mí ní nǹkan tí mo pẹ́ kí n tó dáhùn, á fa etí mi, á ní, “Dúró.” Kì í ṣe “ṣé ká dúró?” o. Dúró. Mo máa ń bínú, mo sì máa ń dúró. Ìyàwó ọmọ yìí ti sọ ọ́ ní Sogakope, ó bọ̀wọ̀ fún ọkọ ẹ̀, ó dákẹ́. Ẹ má bọ̀wọ̀ fún ọkọ nírú ibẹ̀. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ìjà bẹ́, ẹ ó parí ẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ẹ má sì dán oògùn wò, àwọn tí wọ́n ń tà ní gáréèjì fún àwọn dírẹ́bà. Mo ti sin ọ̀rẹ́ méjì nítorí ẹ̀, mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá máa sọdá bodè, ẹ rí i pé ìwé asuráńsì CEDEAO (ECOWAS), èyí tí wọ́n ń pè ní carte brune, wà nínú mọ́tò, kí ọjọ́ orí ẹ̀ má tíì kọjá. Mọ́tò tí wọ́n yá yẹn, tiẹ̀ ti kọjá, ẹ̀ ń gbọ́? Ó ti kọjá, èmi àti àbúrò mi la sì ń wá owó tírélà kiri báyìí. Kẹ́ ẹ sì máa sọ ibi tẹ́ ẹ wà fún ẹnì kan nílé. Òjijì ni nọ́ńbà Gánà pe àbúrò mi ní aago mẹ́rin ìdájí, bẹ́ẹ̀ òun rò pé Àjàṣẹ́ ni ọmọ òun wà tó ń sùn.

Ẹni tó bá sọ pé òun ò lówó òtẹ́ẹ̀lì, kó wọ ọgbà ilé epo tó níná, kó sọ fún ọlọ́dẹ ibẹ̀, kó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, kó sùn. Nígbà tiwa, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì la ti máa ń sùn, ọgbà mọ́sálásí, kò sẹ́ni tó lé wa rí. Tí ojú bá ti ń ta yín, tí ẹ bá ti ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ yín lójú, tí ẹ ò bá rántí kìlómítà márùn-ún tẹ́ ẹ rìn kọjá, oorun ti wọlé nìyẹn, kò sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ẹ wá ibi dúró sí. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo tún ń sọ ọ́, ẹ bínú sí mi tó bá wù yín.

Lánàá ni ọsibítù pè, wọ́n ní a lè wá mú wọn. Ọjọ́bọ̀ la ń lọ, èmi, àbúrò mi àti ọmọ mi kejì tó máa wà wá. Àárọ̀ la máa gbéra. Wọ́n ní ìyàwó ò lè tẹ ẹsẹ̀, a máa tẹ́ fóòmù sẹ́yìn mọ́tò fún un. Nígbà tí a bá ń bọ̀, a máa dúró ní Sogakope, màá ra búrẹ́dì míì, màá gbé e lé e lọ́wọ́. Lómé la máa sùn.