Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń dá tọ́mọ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Bí mo bá pè ọ́, "A wà dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi" ni wàá wí, wàá sì yára béèrè àwọn ọmọ mi. Owó ilé-ìwé, owó ilé, ẹjọ́ tí àwọn ará ilé ń rò lórí ọkọ tó lọ: mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹnu ń gbé. Mi ò ní fi ìbéèrè dà ọ́ láàmú mọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o máa yàwòrán.

Má pè é ní eré ọmọdé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló dá Adrian Hill, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn. Ó ń yàwòrán lórí ibùsùn, ọkàn rẹ̀ ń fúyẹ́, ló bá ń fa àwọn aláìsàn mìíràn wọ̀ ọ́. Òun ló pè é ní art therapy, ìyẹn fífi iṣẹ́ ọnà wo ọkàn sàn, ní 1942. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà ní kí àgbàlagbà 39 fi ìṣẹ́jú 45 ṣe iṣẹ́ ọnà. Cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà wàhálà, lọ sílẹ̀ lára nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn, àtẹni tó mọ̀ ọ́n yà àtẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Àdírẹ ẹlẹ́kọ ni mo fẹ́ fún ìwọ. Àwọn ìyá Ìbàdàn ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sára àdírẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, torí ohun tí ojú wọn ń rí nìyẹn. Ya ohun tí ojú tìrẹ ń rí. Ki ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ láfún, kí o rọra máa fà á lórí aṣọ funfun. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ìlà á wọ́. Jẹ́ kó wọ́. Tó bá gbẹ, rì í bọ aró, yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kí o tún un rì. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un.

Jọ̀ọ́, má tíì tà á. Mama Nike Davies-Okundaye kọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin níṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ní Òṣogbo, wọ́n sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n tóo bá ti ń tà á, oníbàárà ni yóò máa sọ ohun tí wàá yà. Tìrẹ ni kí èyí jẹ́ ná.

Bí oorun bá dá lójú rẹ pátápátá, tóúnjẹ ò lọ, sọ fún mi, ká jọ lọ rí dókítà. Àwòrán ò rọ́pò ìyẹn.

Gbé ọmọ wá sílé mi ní àárọ̀ Sátidé. Màá wẹ̀ ẹ́, màá fún un lóúnjẹ. Má wá mú un kílẹ̀ tó ṣú.

Èmi, ẹ̀gbọ́n rẹ