Lẹ́tà sí Ìyá Bọ́lá Lórí Ọ̀rọ̀ Ìdè Orúnkún

Kubwa, Àbújá.

Ìyá Bọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà ní Kánádà. O bi mí bóyá kí àwọn ọmọ ra ìdè orúnkún (knee brace) tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ, nítorí wọ́n gbọ́ pé èmi náà ń lò ó. Kí wọ́n tó náwó, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ sọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí orúnkún náà ti jẹ, ìyẹn ibi tó ti gbó, nítorí oríṣiríṣi ni ìdè yìí, iṣẹ́ wọn kò sì jọra.

Ohun tó ń ṣe èmi àti ìwọ ni pé ìpele dídán tó bo orí egungun, níbi tí itan àti ojúgun ti pàdé, ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀gbẹ́ inú, èyí tó kọjú sí orúnkún kejì, ni ó máa ń jẹ jù, tí ẹsẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí ọrun. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló jẹ, ìdè onírin tó ní híńjì lè ṣiṣẹ́ gan-an, nítorí pé ó máa ń ti ẹsẹ̀ láti ibi mẹ́ta, ní itan, ní orúnkún àti ní ojúgun, títí tí ẹrù ara yóò fi kúrò díẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ tó ti jẹ, tí yóò bọ́ sórí èyí tó ṣì dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ti jẹ, ibo ni yóò gbé ẹrù náà lọ?

Èyí tí èmi ń wọ̀ kò ní irin rárá; aṣọ tó ń fà ni, tí a ń fà gòkè láti ẹsẹ̀. Kò lè gbé ẹrù kúrò níbì kan, ṣùgbọ́n ó ń mú orúnkún móoru, ó sì ń jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ pé kò ní yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Nígbà ọyẹ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin bá dé Àbújá, òógùn á gba abẹ́ rẹ̀ kan, ara á sì máa yún mi, nítorí náà, bí mo bá ń lọ sí ọjà Wuse nìkan ni mo ń wọ̀ ọ́. Mi ò jẹ́ fi í sùn. Kúnlẹ̀-kí-àgbà, ìdè kankan kò tíì dá a padà fún mi, ẹ̀yìn àga ni mo ti ń kí wọn báyìí, kí wọ́n máa bínú.

Àwọn onímọ̀ pàápàá kò sọ ohun kan náà. American College of Rheumatology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ara ní Amẹ́ríkà, nínú ìlànà wọn ti ọdún 2019, fọwọ́ sí ìdè náà gidigidi fún ẹni tí ìrora tàbí àìdúró-gírí orúnkún ń dí lọ́wọ́ ìrìn. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní Ìlú Ọba, ní ọdún 2022 ní kí a má máa fún gbogbo ènìyàn, àfi bí orúnkún bá ń yẹ̀ tàbí tí ẹrù ara kò bá bọ́ síbi tó yẹ, tí eré ìdárayá kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ti Ìlú Ọba ni mo fara mọ́. Ìdè kò lè dá ohun tó ti jẹ padà. Iṣan itan ló ń gbé orúnkún ró, jíjókòó sórí àga àti dídìde láìfọwọ́ ti nǹkan ló sì ń fún un lókun. Ìwádìí kan tí Stephen Messier àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005 fi hàn pé kílò kan tí a bá fi fúyẹ́ sí i, ẹrù bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá ìtilẹ̀ náà ń ràn wá lọ́wọ́, bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ni a fi mú un.

Nítorí ìtọ̀ ṣúgà tó ń bá ọ fínra, ẹ máa yẹ awọ ara abẹ́ ìdè náà wò lójoojúmọ́. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tí ó kú tipiri tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, bọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí Bọ́lá fi téèpù wọn itan, orúnkún àti ojúgun rẹ nígbà tí o bá wà lórí ìdúró, kí ó sì fi ohun tí X-ray bá sọ ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó sanwó.

Bá mi kí Bàbá Bọ́lá.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Dàmọ́lá