Lẹ́tà H kan ló dá owó ìtọ́jú ìyá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́fà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ owó tí àwa tó wà lókè òkun ń fi ránṣẹ́ sílé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ti iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ. Àwọn tó ń kéde pé ọ̀fẹ́ làwọn ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́, inú iye tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn sí náírà ni èrè wọn wà; a ti mọ ìyẹn, iye náírà tó máa tẹ ará ilé lọ́wọ́ la máa ń wò ká tó yan ẹni tí a ó gbé e fún. Ọ̀rọ̀ orúkọ ló gbé mi dìde.

Leeds ni mo ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Lóṣù kọkànlá ọdún 2024, mo ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́hìndé pè láti Ìbàdàn. Màmá ṣe àlùwàlá tán, bí wọ́n ṣe ń dìde ni wọ́n yọ̀, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbalẹ̀. Eegun ọrùn ọwọ́ ti kán. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wọn lọ ní káwọn kọ́kọ́ sanwó sílẹ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán eegun. Orí ìdúró ni mo wà tí mo fi fi 200 pọ́n-ùn ránṣẹ́ látorí fóònù. Nígbà náà, iyẹn lé ní 400,000 náírà. Áàpù náà sọ fún mi pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lowó máa dé.

Kò dé. Ní aago mẹ́rin òru, níbi tí mo ti ń yí ìyá àgbà kan padà lórí bẹ́ẹ̀dì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé àwọn ṣì ń yẹ owó náà wò. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n béèrè ìwé owó oṣù mi. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n béèrè ohun tí màmá jẹ́ sí mi. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n dá owó náà padà sínú àkáǹtì mi pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo: orúkọ ẹni tí mo fi owó ránṣẹ́ sí kò bá ti inú àkáǹtì mu. Wọn ò sọ ibi tí kò ti bá ara mu.

Fún odindi ọjọ́ méjì, ìborùn ni wọ́n fi gbé apá màmá kọ́ ọrùn. Kẹ́hìndé ló lọ yáwó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí wọ́n ń dá lọ́jà kí wọ́n tó ṣe P.O.P. sí i. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìyá ẹlòmíràn ni mo ń wẹ̀ fún, tí mo ń bọ́ ní oúnjẹ àárọ̀.

Kẹ́hìndé náà ló tún rí ojútùú rẹ̀. Ó ṣí áàpù báńkì tirẹ̀ bí ẹni fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí màmá, ó tẹ nọ́ńbà àkáǹtì wọn, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó mú orúkọ báńkì. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, orúkọ ti jáde. Ó ya á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí mi. SHUWEBAT. Suwebat lèmi kọ, bó ṣe wà nínú káàdì ìdìbò wọn. Mo fi H kún un, mo tún owó yẹn fi ránṣẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi dé.

Mo mọ ọjọ́ tí H yẹn wọlé. Ọdún 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì ń fún oníbàárà; ọdún tó tẹ̀ lé e lèmi mú màmá lọ sí báńkì lọ ṣe tiwọn, kí n tó kúrò nílé. Èrò pọ̀ débi pé ìta, nínú oòrùn, la wà fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tó kàn wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà béèrè orúkọ, màmá ní Sùwébátù, ó tẹ̀ ẹ́. Ará Ìbàdàn ni wá, ta ni ò mọ̀ pé ṣ máa ń di s lẹ́nu wa? Mo gbà pé ṣe ni ọmọ náà rò pé ẹnu ló fa á, ó fẹ́ bá màmá tún un ṣe. Èmi tí mo dúró tì wọ́n kò yọjú wo ohun tó tẹ̀. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, kò sẹ́ni tó nílò Sùwébátù tẹ́lẹ̀. Láyé ìgbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń bọ̀ nílé là ń fi owó rán, àpò ìwé tí a kọ “Ìyá Ìbejì” sí lára ti tó.

Kì í ṣe èmi nìkan. Lára àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan wà tí báńkì kọ “Alhaji” mọ́ orúkọ baba rẹ̀ bí ẹni pé orúkọ ni. Òmíràn, orúkọ ọkọ ló wà nínú àkáǹtì ìyá rẹ̀, ti baba ló wà nínú NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Àwọn orúkọ wa gùn, wọ́n sì pọ̀: ti ìsọmọlórúkọ, ti àmútọ̀runwá, ti ìdílé ọkọ. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà kọ Rafiat nìkan tó márùn-ún. Nígbà kan tí mo fi àmì sórí orúkọ bó ṣe tọ́ kí á kọ Yorùbá, àmì ìbéèrè ló hàn níbẹ̀.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má yẹ orúkọ wò. Òfin ló ní kí orúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ àti ti ẹni tó máa gbà á máa tẹ̀ lé owó, kí àwọn gbájú-ẹ̀ má baà fi ọ̀nà yìí kó owó ìbàjẹ́ kọjá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé nílé, orúkọ máa ń jáde kéèyàn tó fi owó ránṣẹ́. Níbí náà, láti ọdún 2020 ni àwọn báńkì ńlá ti ń sọ fún èèyàn bóyá orúkọ tó kọ bá ti àkáǹtì mu, tàbí ó fẹ́ jọ ọ́, tàbí kò bá a mu rárá. Ìmọ́lẹ̀ wà níhìn-ín, ó wà lọ́hùn-ún, àárín ló ṣókùnkùn. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti pàṣẹ pé náírà ni kí wọ́n máa fi san owó tó ń gba ọ̀nà yìí wọlé. Tó bá sì jẹ́ inú àkáǹtì ló ń lọ, nọ́ńbà mẹ́wàá tí Kẹ́hìndé tẹ̀ yẹn náà ló ń lọ bá. Kí ló wá dé tí èmi tó ni owó kò fi gbọ́dọ̀ rí orúkọ náà kí n tó sanwó? Àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń ṣe é. Kí Báńkì Àpapọ̀ sọ ọ́ di dandan fún gbogbo wọn. Báńkì Àgbáyé ní bílíọ̀nù 19.5 dọ́là la fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà lọ́dún 2023. Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀ jù.

Èkejì kan ẹ̀yin fúnra yín. Nígbà tí a fẹ́ yọ H náà, báńkì ní kí á lọ búra ní kọ́ọ̀tù, kí á sì kéde ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn. Màmá ò yí orúkọ padà. Òṣìṣẹ́ báńkì ló ṣì í kọ. Mo mọ̀ pé owó ń tinú irú ìkéde bẹ́ẹ̀ wọlé fún yín, síbẹ̀ mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé àṣìṣe lẹ́tà kan tí báńkì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, báńkì ló yẹ kó tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ará ilé tó ń kà á, tí ọmọ yín bá béèrè àkáǹtì, ẹ má kàn fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín ṣe bí Kẹ́hìndé ti ṣe, kí ẹ ya orúkọ tó bá jáde ní fọ́tò. Ẹ má fi BVN tàbí PIN kún un, ọmọ yín ò nílò rẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́.

Ọwọ́ màmá ti san, wọ́n ti ń fi yí àmàlà. H náà ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá gbowó oṣù yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni màá tún kọ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìdòwú, ọmọ Ìyá Ìbejì,
Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.