Lẹ́tà ẹ̀sùn lórí sítọ́ọ̀dù mẹ́fà tó kúrú àti ọ̀sẹ̀ méje tí ẹ fi ń yí mi kiri

Kétu, ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ yín ní Kútọnù,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé tí mo ń kàn sí yín lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ẹni tó bá gbé fóònù yín lónìí kì í mọ ohun tí ẹni àná sọ.

Ìwé owó mi wà lọ́dọ̀ yín. Àwọn àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo sì rí i pé ẹ ti wò wọ́n. Sítọ́ọ̀dù 26, ìyẹn ọ̀pá irin tí a máa ń fi nọ́ọ̀tì dè láti di orí ẹ́ńjìnnì mú dípò bóòtù, ni mo san 340,000 sẹ́fà lé lórí. Ogún bá ẹ́ńjìnnì mi mu, mẹ́fà kúrú. Bí a bá gbé orí ẹ́ńjìnnì lé wọn, wọn ò yọ síta tó kí nọ́ọ̀tì rí ibi dì mú. Ẹni tó di páálí ló ṣì í. Ká ní ẹ fi mẹ́fà mìíràn ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn ni, mi ò bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ pè, wọ́n ní kí n pe àwọn tó ń tọ́jú ẹrù. Àwọn yẹn ní kí n pe àwọn tó tajà. Nígbà kejì, ọmọkùnrin kan sọ fún mi pé mẹ́káníìkì mi ló dè é le jù tó fi bà á jẹ́, pé ẹ kì í gba ohun tí wọ́n bá ti dè padà. Ta ló dè é? Kí la fẹ́ fi dè é, nígbà tí nọ́ọ̀tì ò tiẹ̀ kàn án? Ó pa fóònù mọ́ mi létí kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà kẹta, ẹlòmíràn ní kí a dá àwọn bóòtù àtijọ́ padà síbẹ̀, ká máa lò ó ná. Èyí dùn mí, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Bóòtù tó bá ẹ́ńjìnnì wá máa ń fà díẹ̀ bí wọ́n bá dè é, ìfà yẹn ló sì fi ń di orí ẹ́ńjìnnì mú. Àbúrò mi tó ń ṣe mẹ́káníìkì wọn tiwa: wọ́n ti fà kọjá ààlà. Láti ìgbà tí a ti fi tọ́bò ńlá, tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, sí ọkọ̀ náà ni agbára inú sílíńdà ti ń gbé orí ẹ́ńjìnnì sókè, títí gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì fi jó tí omi dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ohun tó gbé mi wá sọ́dọ̀ yín nìyẹn. Ẹ wá ní kí n padà sórí ohun tó ba ọkọ̀ mi jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣèlérí pé mẹ́fà yẹn ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ mi dúró ní gáréèjì láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Kò sí páálí, kò sí ẹni tó pè.

Mo wá fúnra mi. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti jókòó lórí àga yín, aago mẹ́ta ni ẹnì kan tó dá mi lóhùn. Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ní: “Ìyá, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin. Ẹ rán ọkọ yín wá.”

Ọ̀gá, ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Owó àgbàdo tí mo ń tà ní Kétu ni mo fi ra ọkọ̀ yẹn. Èmi ni mo san owó sítọ́ọ̀dù láti orí fóònù mi, orúkọ mi ló sì wà lórí ìwé owó. Nígbà tí mo ń sanwó, kò sí ẹni tó ní kí n lọ pe ọkùnrin wá. Ojú tì mí lójú àwọn tó jókòó síbẹ̀. Mo dìde, mo jáde, n kò sì bú ọmọ náà, ṣùgbọ́n n kò tíì gbàgbé.

Ìgbà àgbàdo ló bọ́ sí yìí. Mo ti háyà ọkọ̀ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejì, 180,000 sẹ́fà, nígbà tí tèmi wà nílẹ̀ pẹ̀lú orí ẹ́ńjìnnì tí a fi ọ̀rá bò kí eruku má baà wọ̀ ọ́.

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí: sítọ́ọ̀dù mẹ́fà tó bá ẹ́ńjìnnì mi mu, kí ẹ gbé e dé Kétu lówó ara yín, owó ọkọ̀ tí mo háyà, àti ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ọ̀gá fọwọ́ sí nítorí ọ̀rọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ yín sọ sí mi. Bí ẹ kò bá ní sítọ́ọ̀dù náà, ẹ dá 340,000 mi padà, ẹ wá kó ogún tó kù. Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́wàá.

Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé tí n kò gbọ́ nǹkan, n kò ní pè yín mọ́. Òfin 2007-21 tó ń dáàbò bo oníbàárà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ okòwò sì wà ní Kútọnù níbẹ̀ pẹ̀lú yín. Gbogbo àwòrán, gbogbo ìpè àti ọjọ́ wọn ni mo ti tọ́jú. Èmi fúnra mi ni màá wá dúró níwájú adájọ́, n kò ní rán ọkùnrin kankan.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ìyá alágbàdo, Kétu