Ta ló ń wo ìdí mudu?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹnì kan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹni tí kò bá lẹ́sìn kò lè níwà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta ẹ̀wà àti ìrẹsì ní Kubwa níbí, ọ̀rọ̀ náà kò bá ohun tí ojú mi ń rí mu.

Mudu la fi ń wọn ọjà níbí, bí ẹ̀yin ará ilé ṣe ń fi kóńgò wọ̀n. Àwọn kan máa ń lu ìdí mudu tiwọn kó lè wọnú, kí oúnjẹ inú rẹ̀ dín kù. Ẹni tí mo kọ́kọ́ ká mọ́ ọn, tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ìjọ ni èkejì. (Kìrìsìtẹ́nì lèmi náà, ẹ má bínú.) Súrà 83 nínú Kùránì bá adínwọ̀n wí, Òwe 11 nínú Bíbélì náà sì bá a wí. Àwọn méjèèjì ti gbọ́ ọ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré tí wọ́n rán wá ra ẹ̀wà, tí kò tíì ka súrà kankan, bó bá rí i pé tòun kò kún tó tẹni iwájú, igbe ló máa fi ta.

Mùsùlùmí tí kò ṣí Bíbélì rí máa ń dá pásítọ̀ olè mọ̀. Kìrìsìtẹ́nì tí kò gbọ́ Lárúbáwá máa ń dá ààfáà onírọ́ mọ̀. Òṣùwọ̀n wo ni wọ́n jọ ń lò?

Tai Solarin kò fi pamọ́ pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, títí ó fi kú ní 1994. Síbẹ̀, onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ń fọmọ wọn sí ilé ìwé Mayflower tó dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Ṣé wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń fọmọ fún ni?

Mi ò ní ẹ̀sìn ò wúlò o. Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún kan náírà ránṣẹ́ sí ọmọ Hausa kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ Maruwa, mo ṣèèṣì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló dá ìyókù padà. Ó ní ìbẹ̀rù Allah ni kò jẹ́ kí òun sùn. Ìbẹ̀rù kan náà ni alátẹ̀sùbáà ń fẹnu sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀! Nígbà tó yá, ọmọ náà tún ní, "Mama, mo rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀ nínú òjò."

Èwo nínú méjèèjì ló gbé e wá, ìbẹ̀rù Allah ni àbí ẹ̀wà inú òjò yẹn? Mi ò bi í mọ́. Mo wọn mudu ẹ̀wà kan fún un, mo sì bu èènì lé e.

Ìyá Ìbejì,
Kubwa, Àbújá