Sí Àbẹ̀kẹ́, bí ọmọ kò bá mí

Ìsọ̀kùn, Iléṣà.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọwọ́ lómi. Láti ọjọ́ ìkómọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ sọ ọ́ lójú àlejò.

Nígbà tí o ṣì kéré, ọmọ oṣù mẹ́rin kan ní agbolé wa pa èémí dé níbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ lágbo. A wọ́n omi sí i lára, a gbọ̀n ọ́n, a pariwo, a sì gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu títí a fi débẹ̀. Ọmọ náà kò padà wálé. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o kọ́ ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní CPR, ìyẹn títẹ àyà ẹni tí kò mí àti fífẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu.

Bí ọmọ bá dákẹ́ lójijì, ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, kí o sì pè é. Má ṣe mì í jìgìjìgì. Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí, tàbí tí èémí rẹ̀ kàn ń já wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ké sí ẹni tó wà nítòsí pé kí ó pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, kí ó sì wá mọ́tò, ṣùgbọ́n ìwọ má ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Bí ó bá jẹ́ ìwọ nìkan ló wà nílé, tí fóònù kò sì sí nítòsí, kọ́kọ́ ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún ìṣẹ́jú 2 kí o tó wá ìrànlọ́wọ́.

Tẹ́ ẹ sórí ohun tó le, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Fi ọwọ́ méjèèjì gba igbá àyà rẹ̀ mú yíká, kí àtàǹpàkò méjèèjì wà lórí egungun àárín àyà, nísàlẹ̀ ọmú díẹ̀, kí o sì tẹ̀ ẹ́ wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta àyà náà, bíi sẹ̀ǹtímítà 4, kí o jẹ́ kó gbéra padà pátápátá kí o tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù yóò bà ọ́. Ọwọ́ tèmi náà gbọ̀n lórí ọmọláńgidi tí wọ́n fi kọ́ wa, ṣùgbọ́n títẹ̀ jẹ́jẹ́ kò lè ti ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ ọmọ.

Tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 30, kí ó yá tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn èyí, gbé àgbọ̀n rẹ̀ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ wo òkè gan-an. Má ṣe da orí rẹ̀ sẹ́yìn jù bí ti àgbà, nítorí ọ̀nà èémí ọmọ rọ̀, ó sì lè dí. Fi ẹnu rẹ bo ẹnu àti imú rẹ̀ pọ̀, kí o fẹ́ atẹ́gùn tí kò ju èyí tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ lọ, lẹ́ẹ̀mejì, kí o máa wò ó bóyá àyà rẹ̀ ń gbéra. Padà sí títẹ̀, má sì dáwọ́ dúró títí ọmọ yóò fi mí tàbí tí oníṣègùn yóò fi gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Nípa àgbo, bí ìyá ọkọ rẹ bá ní kí wọ́n rọ ọmọ, fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí o má ṣe é. Èmi àti àwọn yóò jọ sọ ọ́.

N óò wá sí Ifẹ̀ ní Sátidé pẹ̀lú ọmọláńgidi kan, kí ìwọ àti ọkọ rẹ lè tẹ̀ ẹ́ lójú mi.

Ìyá rẹ